Fìtílà Kọkànlá

Ohun tí Luvenia Tarver kọ́kọ́ mọ̀ nínú Bíbélì, abẹ́ férémù ìránṣọ ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà ní kékeré, bí òtútù bá ti dé tí iṣẹ́ oko òwú sì ti parí, àwọn obìnrin ìjọ Òkè Nébò a máa kóra jọ sí yàrá Màmá Dosha, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Férémù onígi náà so rọ̀ láti àjà pẹ̀lú okùn mẹ́rin. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á na kúbùsù alábùlẹ̀ sí i lára, wọ́n á sì jókòó yí i ká, oníkálukú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Luvenia á rápálá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń yọrí jáde tó tún ń padà sókè, tó ń gbọ́ òfófó tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́, tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ ọn. Ká má purọ́, àwọn méjèèjì ló dùn mọ́ ọn bákan náà.

Màmá Dosha ò mọ ìwé kà rárá. Ẹsẹ Bíbélì tó bá gbọ́ lẹ́nu oníwàásù, tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, aṣọ ló fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣòkòtò tó ti já lórúnkún, àpò ìyẹ̀fun, ẹ̀wù tó ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gé wẹ́wẹ́. Ó rán kúbùsù Jónà, níbi tí ẹja ti sanra ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó rán ti Èlíjà àti àwọn ẹyẹ ìwò, tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan gbé búrẹ́dì àgbàdo há ẹnu, nítorí pé irú búrẹ́dì mìíràn ò sí nílé Màmá Dosha. Kí ọmọ tó sùn, á ní kó gbé ìka lé aṣọ, kó sì ka ìtàn náà síta.

"Ìka ẹ ni kó máa ṣáájú ẹnu ẹ," ni yóò wí. "Má sáré. Ọlọ́run ò ní sá lọ."

Èyí tó wà lórí ibùsùn Luvenia gan-an ni ti àwọn wúńdíá tó ń dúró de ọkọ ìyàwó. Wọ́n tò lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n márùn-ún ní iná aṣọ yẹ́lò lórí fìtílà tiwọn, àwọn aláìgbọ́n márùn-ún ò ní. Ilé àsè wà lápá òsì, wọ́n sì fi ṣòkòtò àtijọ́ bàbá àgbà ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn yìí ni Luvenia fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni Màmá Dosha rán mọ́lẹ̀ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà á máa fi ìka ṣí i, á máa fi ìka tì í, títí oorun á fi gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn márùn-ún àti márùn-ún yẹn, ẹnì kan ṣì wà ní igun ìsàlẹ̀, lọ́nà jíjìn, ó kéré, aṣọ ara rẹ̀ ò ní ọnà kankan, fìtílà rẹ̀ ò sì ní iná. Ìyẹn ni ìkọkànlá.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Luvenia nígbà tí tíṣà Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi béèrè pé wúńdíá mélòó ni wọ́n. Ó nawọ́ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́.

"Mọ́kànlá, mà!"

"Mélòó?"

"Mọ́kànlá. Ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà níta lábẹ́ igi gbọ́ ọ. Odeal Rudolph, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, rín títí tó fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì, láti ọjọ́ náà ló sì ti sọ Luvenia ní Mọ́kànlá. Ọmọ náà sunkún dé ilé. Màmá Dosha ń bó ẹ̀pà.

"Ìyá Àgbà, mẹ́wàá ni Bíbélì sọ! Wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn!"

"Òótọ́ ni Bíbélì sọ."

"Kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ mọ́kànlá?"

"Ṣé àwọn tíṣà yín ló ń fi bora ni? Lọ pọnmi wá."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí Luvenia wá mọ ìwé kà dáadáa, ó ṣí Mátíù fúnra rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn lóòótọ́. Ọkọ ìyàwó tilẹ̀ sọ láti inú ilé fún àwọn tó pẹ́ dé pé òun ò mọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ìka ṣí ìlẹ̀kùn aṣọ yẹn mọ́.

Ọdún 1971 ni ìjọ Òkè Nébò pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní apá ibí yìí ní Alabama, oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ máa ń bọ́ sí, tí gbogbo ọmọ ìjọ tó ti ṣí lọ sí ìlú òkè, Detroit, Chicago, Cleveland, á padà wálé jẹun lábẹ́ igi. Àwọn obìnrin fẹnu kò pé kúbùsù wúńdíá Màmá Dosha ni kí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga ìwàásù. Inú Luvenia dùn débi tí kò fi mọ ohun tó fi ń ṣe. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, opó tí kò bímọ, kò sì sí ẹbí mìíràn tó lè fi yangàn ju iṣẹ́ ọwọ́ Màmá Dosha lọ.

Àbí kí n sọ pé kò sí ẹbí tó fẹ́ gbà pé òun ní. Nítorí pé lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìpadàbọ̀, lẹ́tà kan dé láti Detroit. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n Arletha ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Arletha, ìyá tó bí Luvenia, tó fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún tó bá ọkùnrin kan lọ sí ìlú òkè. Lọ́dọọdún, tó bá ti di Àjíǹde, lẹ́tà rẹ̀ a máa dé. Luvenia a máa kà á, kì í fèsì. Èyí kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. *Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi náà ò sì dára. Mo fẹ́ wálé fún Ọjọ́ Ìpadàbọ̀. Mi ò rò pé màá tún lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí. Tí o bá gbà, pè mí lórí nọ́ńbà fóònù ìsàlẹ̀ yìí. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ẹtì, á yé mi.*

Luvenia fi lẹ́tà náà sí àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń ṣe náà nìyẹn. Kò sí ohun tó rọrùn tó kí èèyàn má fèsì.

Ọjọ́rú ni Pásítọ̀ Pinkston wá wo kúbùsù náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pé ọdún kan tó jáde nílé ẹ̀kọ́ ìwàásù, bàtà rẹ̀ ń dán, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Odeal náà wà níbẹ̀, torí kò sí ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ tí Odeal kì í sí. Pásítọ̀ tẹjú mọ́ aṣọ, ó ń fi ìdí bírò ka àwọn wúńdíá.

"Sìsítà Luvenia, mọ́kànlá ni mo kà níbí o."

"Mọ́kànlá ni," ni Odeal dáhùn, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi í léèrè. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n kà."

"Mà, ẹ má bínú o, iṣẹ́ yìí rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àga ìwàásù lẹ fẹ́ gbé e kọ́ sí. Tí mo bá dúró síbẹ̀ tí mo ń wàásù mẹ́wàá, ògiri á máa wàásù mọ́kànlá. Ìlẹ̀kùn yìí náà, ó ń fì. Ṣé kì í ṣe pé ìyá ò tíì rán an tán ni?"

"Bóyá," ni Luvenia wí.

"Ẹ ò wá bá wa tú ẹni igun yẹn kúrò? Kí ẹ sì rán ìlẹ̀kùn náà pa. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni lọ́wọ́ irú yín. Kò ní hàn rárá."

Odeal ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Luvenia sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé kò burú, òun á ṣe é, Bíbélì ni Bíbélì í jẹ́. Ní tòótọ́, ó ti pẹ́ tó ti gbà pé Bíbélì ló jàre. Ẹ̀rín Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ò tíì kúrò létí rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ó tẹ́ kúbùsù náà lé itan. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré, ó sì kọjú sí ìlẹ̀kùn lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ìyẹn ló rọrùn jù. Ó fa òwú sínú abẹ́rẹ́. Ó di ìlẹ̀kùn náà mọ́lẹ̀ kó lè rán an pa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ọdún 1934 ló dé sí i lọ́kàn. Màmá Dosha kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì, tẹligíráàmù ò sì tètè dé Detroit. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Luvenia, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, yọjú lójú fèrèsé, ó rí obìnrin kan tó dé fìlà, tó gbé àpótí lọ́wọ́, tí eruku ọ̀nà bò dé orúnkún. Ó ti mọ ẹni tó jẹ́ kí obìnrin náà tó la ẹnu.

"Luvenia. Èmi ni. Ìyá ẹ ni."

Ó dúró sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kò ṣí i. Ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó inú Mátíù ló wá sí i lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn bó ṣe wá geerege bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ yín."

Obìnrin náà ò bẹ̀bẹ̀, kò sì pariwo. Luvenia gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn láti ọdún mẹ́tàdínlógójì wá, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà Odeal.

Ó jọ̀wọ́ ìlẹ̀kùn náà. Jẹ́ kí n fi ẹni igun ṣáájú ná, ló wí fún ara rẹ̀. Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tú ojú rírán àkọ́kọ́ létí aṣọ ìkọkànlá, ó tú èkejì. Rírán Màmá Dosha kéré, ó sì le, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láéláé. Nígbà tó tú dé ìdajì, ó ká ibẹ̀ sókè.

Àṣé òdì aṣọ ni Màmá Dosha fi síta. Ojú rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, níbi tí oòrùn àti ọṣẹ ò ti kàn án láti àádọ́ta ọdún. Búlúù ni, ó tutù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú àmì funfun róbótó róbótó.

Luvenia mọ aṣọ yẹn. Kò sí nǹkan tó mọ̀ láyé tó o. Ojú rẹ̀ ló fi rì sínú rẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún, tó di itan ìyá rẹ̀ mú lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń já ìka ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Dosha ló rán ẹ̀wù náà fún Arletha. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ náà ló fi rán ìkọkànlá.

Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ibẹ̀, kò mọ ohun tó ń wá, nǹkan sì gún un. Ó fa ìka yọ, ẹ̀jẹ̀ ti yọ sórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ nínú kúbùsù Màmá Dosha! Obìnrin tó jẹ́ pé kí àwọn sìsítà tó dìde nídìí férémù, á ka abẹ́rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá dín, kò sí ẹni tó máa lọ sílé lọ jẹun. Ó ti lé obìnrin kan kúrò nídìí férémù fún oṣù kan nítorí abẹ́rẹ́ tó gbàgbé sínú kúbùsù. Ó ní ẹni tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sínú aṣọ tí ọmọdé máa sùn lé, apànìyàn ni.

Luvenia rọra fà á jáde. Ó ti dípẹtà. Wọ́n fi ìdì aṣọ rírọ̀ wé ẹnu rẹ̀ kó má baà ṣe ọmọ léṣe, ọjọ́ ló jẹ́ kí ìdì náà já. Nígbà tó tú u, aṣọ yẹ́lò kékeré kan ni, tí wọ́n ti gé sí ìrísí ahọ́n iná, tí wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀, tí òwú yẹ́lò sì ti wà lójú abẹ́rẹ́, tí wọ́n ti ta kókó sí i nídìí. Gbogbo rẹ̀ ti pé. Ó ku rírán.

Màmá Dosha ò gbàgbé nǹkan kan. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ de ẹni tó máa parí rẹ̀ ni.

Luvenia sunkún lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án gangan, ẹkún tí kò sun irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òun ń fi ìka ti ìlẹ̀kùn aṣọ yẹn tí òun ń fi ìka ṣí i, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ ni ìyá àgbà ń ṣí i sílẹ̀ dè. Òun, Luvenia, ló wá tì í. Nígbà tó nu ojú, ó ká kúbùsù sí apá, ó sì gba ọ̀nà ilé Odeal lọ, nítorí pé Odeal ló ní tẹlifóònù.

"Mọ́kànlá, kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Fún mi ní fóònù ẹ."

"Ta lo fẹ́ pè?"

"Ìyá mi."

Odeal nawọ́ fóònù náà sí i. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fa ìlẹ̀kùn mọ́ra, ìgbà kìíní nìyẹn tó máa fi ọ̀rọ̀ du etí ara rẹ̀. Ìpè náà ò pẹ́. Luvenia sọ pé, "Ẹ máa bọ̀," ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹni tó wà lódìkejì ò gba etí rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò ní tú u, sà."

"Sìsítà, ṣebí a ti jọ sọ ọ́?"

"A ti sọ ọ́. Bíbélì yín tọ̀nà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìwàásù kọ́ ni Màmá Dosha rán síbẹ̀. Àdúrà ló rán. Ẹ má gbé e kọ́. Mo ní ẹni tó fẹ́ fi bora."

Jónà ni wọ́n wá gbé kọ́ dípò. Ẹja tó sanra ju ọkọ̀ ojú omi lọ ò da Pásítọ̀ láàmú rárá.

Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìpadàbọ̀, Odeal ló wa mọ́tò lọ pàdé bọ́ọ̀sì ìlú òkè.

"Wọlé sọ́kọ̀ jàre, ká jọ lọ."

"Rárá o. Ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ wà."

"Ṣé ẹnu ọ̀nà máa sá lọ kó o tó dé ni?"

"Odeal, máa lọ."

Ó ti din adìyẹ, ó ti yan páì ọ̀dùnkún, ó ti tẹ́ ibùsùn. Ó ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu, ó gbé òkúta tì í lẹ́sẹ̀ kí atẹ́gùn má baà pa á dé, ó sì dúró síbẹ̀ láìka eṣinṣin sí. Nígbà tí mọ́tò dé, Odeal di arúgbó náà lápá, wọ́n gun àtẹ̀gùn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Arletha ti kéré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kanlẹ̀kùn, ọwọ́ náà ò sì kan nǹkan kan.

"Ẹ wọlé, mà," ni Luvenia wí.

Ó mú un jókòó sórí ibùsùn kó sinmi. Ọwọ́ arúgbó náà ń rìn lórí kúbùsù, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó bá fìtílà pàdé, ó bá òmíràn pàdé. Ẹnu rẹ̀ ń kà wọ́n. Ìka rẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé igun, ó kan ibi tí Luvenia tú sílẹ̀, ó ká a sókè, ó gbé e súnmọ́ ojú tímọ́tímọ́.

"Aṣọ mi rèé," ló wí. "Aṣọ mi gan-an ni."

"Aṣọ yín ni. Ọdún tí ẹ lọ ló rán an. Abẹ́rẹ́ ló fi sínú ẹ̀."

"Ta ló fi abẹ́rẹ́ sínú ẹ̀?"

"Màmá Dosha."

"Irọ́ ni. Màámi? Á pa ẹni tó bá dán an wò!" Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Luvenia gbé iná yẹ́lò kékeré náà lé e lọ́wọ́, ó sì sọ bó ṣe rí i fún un. Odeal ti lọ sí ilé ìdáná, ó ń fi ariwo ìkòkò bo ẹkún tirẹ̀.

Òwú àtijọ́ ti jẹrà, ó já bí wọ́n ṣe fà á. Luvenia fa òwú tuntun sínú abẹ́rẹ́ tuntun, ó fi í sáàárín ìka ìyá rẹ̀. Arletha gún aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé síbi tó yẹ. Luvenia jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ń rán an, díẹ̀díẹ̀, yí etí iná náà ká. Rírán náà wọ́. Màmá Dosha ì bá ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un rán.

"Mo wá nígbà yẹn," ni Arletha wí, láìgbé ojú sókè. "Nígbà tí màámi kú. Bóyá o ò rántí. Mo kanlẹ̀kùn."

"Mo rántí, mà."

"O ní o ò mọ̀ mí. Mi ò bá ẹ wí. Níbo lo ti fẹ́ mọ̀ mí?"

Luvenia fa òwú náà ṣinṣin, ó ta kókó sí i, ó fi eyín gé e. Ó ka abẹ́rẹ́, ó pé. Ó fi í gún orí tìmùtìmù abẹ́rẹ́, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mo mọ̀ yín," ló wí. "Mo rí yín lójú fèrèsé. Mo mọ̀ yín, mà. Lọ́jọ́ yẹn náà, mo mọ̀ yín."